Èmi àti Twilight: ọ̀rọ̀ ẹni tí wọn ò ṣe fíìmù náà fún

Kí n tètè sọ ọ́: wọn ò fi tèmi ṣe nígbà tí wọ́n ń ya fíìmù yìí. Mo ti lé láàádọ́ta ọdún, eré tí mo sì fẹ́ràn ni èyí tí bàbá arúgbó kan bá ti ń pọfọ̀ nínú igbó, tí èéfín ń rú túú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ló wá lo ọlidé lọ́dọ̀ mi, tó ní ẹni tí kò bá tíì wo Twilight kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìfẹ́. Èmi tí mo ti wà nílé ọkọ kí wọ́n tó bí i! Mo ní kó gbé e wá, kí n lè rí i bú dáadáa.

Bella (Kristen Stewart) fi Phoenix tí oòrùn ti ń mú ganrínganrín sílẹ̀, ó lọ ń gbé lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ ní Forks, ìlú kékeré kan ní ìpínlẹ̀ Washington, l'Amẹ́ríkà, níbi tí òjò kì í fẹ́ dá. Nínú kíláàsì bàọ́lọ́jì, wọ́n ní kó jókòó ti Edward (Robert Pattinson). Fáànù gbé òórùn ara rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ọmọkùnrin náà, ló bá fọwọ́ bo imú, ojú rẹ̀ yí padà bí ẹni tó fẹ́ bì. Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ mi kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ebi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló ń pa á.”

Ọ̀kan nínú àwọn amùjẹ̀ tí òyìnbó ń pè ní fáńpáyà ni Edward. Àrùn fúlúù ọdún 1918, èyí tó jà dé Èkó níbí pàápàá, ló fẹ́ pa á, kí Dókítà Carlisle tó bù ú jẹ, tó sì sọ ọ́ di irú ara rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Nígbà tí fíìmù náà jáde lọ́dún 2008, bàbá yìí ti pé ẹni ọdún 107, ó ṣì ń gbé báàgì lọ síléèwé, ó ń wá ọmọge.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni mo ti dákẹ́ ẹ̀rín. Ìtàn àkúdàáyà ni wọ́n fi tọ́ àwa dàgbà: ẹni tó kú sí ìlú kan, tó lọ fara hàn ní ìlú mìíràn tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n, tó fẹ́yàwó, tó bímọ, tó ń ṣòwò rẹ̀ jẹ́jẹ́, títí ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ kan yóò fi ṣe kòńgẹ́ rẹ̀ lọ́jà. Ojú kan ojú báyìí, ó ti pòórá. Ohun tí ìdílé Cullen, ìyẹn Edward, Carlisle àtàwọn ará ilé wọn, ń ṣe kò jìnnà sí i. Bí wọ́n bá pẹ́ ní ìlú kan tí àwọn èèyàn fẹ́ máa fura pé wọn ò dàgbà, wọ́n á ṣí lọ síbòmíràn. Ògiri kan wà nínú ilé wọn tí wọ́n kó fìlà ìjáde-ẹ̀kọ́ sí lóríṣiríṣi, nítorí wọn ò mọye ìgbà tí wọ́n ti parí ilé ẹ̀kọ́ girama. Ẹni tó ronú kan ògiri yẹn gbọ́n.

Àkúdàáyà tiwa, bí àṣírí bá ti tú, ìyàwó ti di opó nìyẹn. Bella ní tirẹ̀ mú Edward wọ inú igbó, ó ka àléébù rẹ̀ sí i létí, pé ara rẹ̀ tutù, pé kì í jẹun, ó sì sọ ohun tó jẹ́. Mo ń retí kó pòórá. Kò pòórá. Ó gbé ọmọbìnrin náà lọ síbi tí oòrùn ti ràn, ó ṣí àyà sílẹ̀, ara rẹ̀ sì ń dán yinrinyinrin bíi léèsì òwàḿbẹ̀ tí wọ́n lẹ òkúta mọ́. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù fi mí sílẹ̀ tí kò padà wá mọ́. James, amùjẹ̀ burúkú tó ń dọdẹ Bella ní ìparí, kò rí ẹ̀rù náà dá padà.

Èyí tí n ò lè fojú fò ni pé Edward máa ń wọ yàrá ọmọ ọlọ́mọ lóru, tí á máa wò ó bó ṣe ń sùn. Mo bi ọmọ mi pé bí ọmọkùnrin ilé kejì bá ṣe bẹ́ẹ̀ ńkọ́? Ó ronú díẹ̀. “Ṣé ó rẹwà, mà?”

Ẹ jẹ́ kí n má ṣèké ṣá. Catherine Hardwicke tó darí fíìmù náà mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó pa gbogbo rẹ̀ láró, ó mú kí òtútù ìlú náà wọni lára, ó sì sún kámẹ́rà mọ́ ojú àwọn ọmọ náà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń rí ìtìjú wọn. Bella kì í sọ̀rọ̀ tán, á já a sí méjì, á bu ètè jẹ. Mo pè é ní àìmọ eré ṣe. Ọmọ mi ní báwọn ṣe ń sọ̀rọ̀ gan-an nìyẹn. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 37 dọ́là ni wọ́n ná sí i, ó sì pa ju mílíọ̀nù 390 lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Ọmọkùnrin tó ń fẹ́ ọ tọkàntọkàn tó sì ń kó ara rẹ̀ níjàánu, ọmọbìnrin wo ni kò ní sanwó wò ó?

Ẹni tí èmi sanwó wò ni Charlie, bàbá Bella, ọ̀gá ọlọ́pàá ìlú náà (Billy Burke). Kò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ọjọ́ tí Edward fẹ́ wá kí i, ìbọn ló mú lọ́wọ́, ó pa á dé gbàgà, ó ní kó máa wọlé bọ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde kí i. Nígbà tí Bella sì fẹ́ sá fún James, tó ń wá ọ̀nà tí bàbá rẹ̀ ò fi ní tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ tí ìyá rẹ̀ sọ lọ́jọ́ tó kọ Charlie sílẹ̀ ló tún sọ fún un, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Ọkùnrin náà dúró sójú kan. Nínú gbogbo ìjẹni tó wà nínú fíìmù náà, ìyẹn nìkan ló dùn mí.

Máàkì mẹ́fà nínú mẹ́wàá ni mo fún un, Charlie ló ni mẹ́ta níbẹ̀. Ọmọ mi ní ó ṣì ku mẹ́rin, ó sì ti ń wá èkejì kí n tó rí bàtà mi.