Ilé Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Kòríà ní Seoul: ọ̀fẹ́ ni, àmọ́ ẹ má kánjú
Ọ̀fẹ́ ni àfihàn gbogbo ìgbà; àkànṣe nìkan ló ń gba tíkẹ́ẹ̀tì. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin Ichon, kí ẹ gba ẹnu ọ̀nà kejì. Ilé náà tóbi gan-an: wákàtí méjì kò tó rárá. Alẹ́ Ọjọ́rú àti Sátidé ló dára jù, torí aago 9 ni wọ́n ń tì. Págódà (ilé gogoro ìsìn Búdà) olókùúta alájà mẹ́wàá ti ọdún 1348 tó wà nínú ibẹ̀ ga tó mítà 13.5, ẹ gun òkè kẹta kí ẹ tó lè rí orí rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó ń wá orin K-pop (orin ìgbàlódé Kòríà), ọ̀nà ìlú Gyeongju ni kó gbà, níbi tí wọ́n ti ṣí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orin náà ní 2015.