Kubwa Ọjọ́ Sátidé Kọ́ ni Kubwa Ọjọ́ Ajé: Àgbéyẹ̀wò Lẹ́yìn Ọdún Mẹ́sàn-án

Ọmọ àbúrò ìyá mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì kan ní Central Area, ní Abuja. Kó tó sọ fún ìyá tó bí i gan-an, èmi ló kọ́kọ́ pè. "Àǹtí mi, ẹ bá mi wá ilé sí Kubwa o. Mo gbọ́ pé ibẹ̀ tutù, ilé ò sì wọ́n." Mo bú sẹ́rìn-ín. Ta ló sọ fún un pé Kubwa tutù? Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ méjì, màá kọ ohun tí mo mọ̀ ránṣẹ́ sí i. Ohun tí mo kọ gùn ju bí mo ṣe rò lọ, ni mo bá kúkú tún un tò fún gbogbo ẹni tó bá ń gbèrò àtikó wá sápá ibí.

Ọdún 2016 ni èmi àti ọkọ mi kó wá láti Ìbàdàn. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni mí, Federal Secretariat ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọkọ mi ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nínú Kubwa níbí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí pé abẹ́ òrùlé kan náà là ń gbé, àmọ́ Kubwa tirẹ̀ yàtọ̀ sí tèmi. Tí ẹ bá ní kó fún ìlú yìí ní máàkì, mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló máa fún un, kò sì ní ronú lẹ́ẹ̀mejì. Èmi? Mẹ́fà. Lọ́jọ́ tí òjò bá rọ̀ ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ẹ bá mi yọ méjì níbẹ̀.

Kubwa wà lábẹ́ Bwari Area Council, lẹ́bàá òpópónà tó lọ sí Zuba. Àwọn Gbagyi, tí ọ̀pọ̀ wa ń pè ní Gwari, ló nilẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjọba dá FCT sílẹ̀ ní 1976, tí wọ́n fẹ́ kọ́ olú ìlú tuntun, wọ́n kó àwọn ará abúlé kan kúrò láàárín ibi tó di ìlú lónìí, Kubwa sì wà lára ibi tí wọ́n tún wọn tẹ̀dó sí. Àwọn ará Wuse àtijọ́ ní tiwọn, Sabon Wuse ní ìpínlẹ̀ Niger ni wọ́n kó wọn lọ. Kódà orúkọ "Abuja" fúnra rẹ̀, ìlú tí à ń pè ní Suleja lónìí ló ń jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá rí ìyá àgbà Gbagyi kan tó ru igi ìdáná (ejìká ni wọ́n fi ń rù ú, kì í ṣe orí bíi tiwa) tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé alájà mẹ́ta kọjá, ẹ má wò ó bí àlejò. Àwa ni àlejò.

Ohun tó ń tan gbogbo wa jẹ ni pé ọjọ́ Sátidé la máa ń wá wo ilé. Bí àwa náà ṣe ṣe é nìyẹn. A wọkọ̀ ní Berger ti Abuja ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀. Títì fẹ̀ bíi pápá, ojú ọ̀nà mẹ́wàá ni, márùn-ún lọ, márùn-ún bọ̀. Àpáta ń wò wá lọ́tùn-ún lósì, atẹ́gùn ń fẹ́. Ọkọ mi ò tíì sọ ìtàn tó ń sọ fún mi tán tí a fi dé. Ogún ìṣẹ́jú. Ẹ́jẹ́ǹtì tó mú wa káàkiri ní, "Madam, ṣé ẹ rí i? Ogún ìṣẹ́jú péré!" Kò purọ́. Òótọ́ ọjọ́ Sátidé ló sọ.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin àbọ̀ ìdájí ni mò ń jí. Kí aago mẹ́fà tó lù, bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ ti ń gbéra. Ẹni tó bá pẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún á fi owó ara rẹ̀ wọkọ̀. Síbẹ̀, àlọ ò le. Àbọ̀ ló le. Tí mo bá jáde ní Secretariat lẹ́yìn aago mẹ́rin, tí mo dé Berger, ọkọ̀ á ṣì máa rìn títí a ó fi kọjá Mabushi àti Katampe. Tí a bá dé ọ̀kánkán Gwarinpa, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́. Ní Dawaki, awakọ̀ á paná ẹ́ńjìnnì, á sọ̀ kalẹ̀, á lọ ra ẹ̀pà. Nígbà tó bá wá kan ká yà wọ inú Kubwa lábẹ́ afárá, ṣe ló dà bíi pé wọ́n ní kí odò gba ẹnu akèrègbè wọlé. Ìrìn ogún ìṣẹ́jú ti di wákàtí kan àbọ̀, tí òjò bá sì bá wa lọ́nà, ó di wákàtí méjì àbọ̀. Mo ti hun súwẹ́tà ọmọ ọwọ́ méjì tán nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn. Ẹ má rò pé àwàdà ni; ọmọ àwọn ọ̀rẹ́ mi ló wọ̀ wọ́n.

Ọkọ mi ní tirẹ̀, aago méje àbọ̀ ló ń gun ọ̀kadà jáde, kí ẹyin tí mo dín fún un tó dà nínú rẹ̀, ó ti ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Owó ọkọ̀ ńkọ́? Igba náírà ni mò ń san láti Berger wálé ní 2016. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Kàrún-ún 2023, kò sẹ́ni tó tún bi wá léèrè mọ́. Ẹgbẹ̀rin náírà ni mo san lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo sì tún dúró gba ṣéńjì. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ èyí náà: ẹ má wọ ọkọ̀ kékeré tó bá ṣàdédé dúró níwájú yín lẹ́bàá ọ̀nà, tí èèyàn mẹ́ta ti wà nínú rẹ̀, tó sì ń pe ibi tí ẹ ń lọ gan-an. "One chance" là ń pè é níbí. Ọ̀gá wa kan ní ọ́fíìsì wọ irú rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan. Fóònù, owó, káàdì báǹkì, wọn ò ṣẹ́ nǹkan kan kù fún un àfi aṣọ ọrùn rẹ̀. Gáréèjì ni kí ẹ ti máa wọkọ̀, bí ìlà tiẹ̀ gùn dé ẹnu géètì.

Yàrá méjì àti pálọ̀ tí a kọ́kọ́ gbà, ₦350,000 lọ́dún ni. Lọ́dún yìí, wọ́n pe irú rẹ̀ gan-an ní àdúgbò kan náà ní ₦1,300,000 lójú mi. Ẹ ó tún fi owó ẹ́jẹ́ǹtì lé e, owó àgírímẹ́ǹtì, àti "caution" tí onílé ní òun á dá padà tí ẹ bá ń kó lọ. Mi ò tíì rí ẹni tí wọ́n dá a padà fún ní pípé. Onílé wa àkọ́kọ́ yọ owó ọ̀dà, ó yọ owó kọ́kọ́rọ́, ó yọ owó ìṣó tí ọkọ mi kàn mọ́ ògiri. Iye tó ṣẹ́ kù ò ra ìgbálẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ béèrè irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Gwarinpa kí ẹ tó bú Kubwa. Byazhin, tó wà nínú Kubwa níbí náà, rọjú ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n ẹ ra bàtà òjò kí ẹ tó kó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní Bwari tiwa yìí náà ni adágún omi Usuma wà, tí ìlú Abuja ń mu, síbẹ̀ omi ẹ̀rọ ò dé gbogbo ilé ní Kubwa. Kànga ẹ̀rọ ni ilé wa ń lò. Tí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, tí táǹkì gbẹ, ó di ọwọ́ mai ruwa, ìyẹn àwọn ọmọ Hausa tó ń ti ọmọlanke tó kún fún kẹ́ẹ̀gì omi. Lọ́dún tí màmá mi kọ́kọ́ wá wò wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, omi tán nílé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Mò ń múra iṣẹ́ lọ́wọ́, mo ní, "Màmá, ẹ bá mi pe mai ruwa tó bá ń kọjá." Nígbà tí mo jáde, màmá mi ni mo bá lẹ́nu géètì, gèlè lórí, báàgì lọ́wọ́, wọ́n ń wo ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ni wọ́n ń retí! Olómi ti ti ọmọlanke kọjá níwájú wọn lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tiẹ̀ kí i pé ó kú iṣẹ́.

Nípa iná, ní oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, láti nǹkan bíi ₦68 sí ₦225 fún yúníìtì kan, pẹ̀lú ìlérí ogún wákàtí lójúmọ́. Àdúgbò tó wà lẹ́yìnkùlé wa wà ní Band A, tiwa ò sí níbẹ̀. Tiwọn ń tàn, tiwa ń sùn. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ń ra iná, àwa là ń rẹ́rìn-ín. Ẹni tó ní Kubwa tutù, kó wá ní oṣù Kẹta. Ooru ìgbà yẹn á lé yín kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, orí táìlì lásán la máa ń sùn. Ọyẹ́ oṣù Kejìlá nìkan ló tutù, òun náà á sì la ètè yín bí ẹni la obì.

Ibi tí Kubwa ti ṣiṣẹ́ gba mẹ́fà tí mo fún un ni ọjà. Ẹ gbàgbé kóńgò. Mudu ni wọ́n fi ń wọn nǹkan. Ní Hausa, ewédú ń jẹ́ ayoyo, irú ń jẹ́ daddawa, ata rodo ń jẹ́ attarugu. Tí ẹ bá ti mọ mẹ́ta yìí pẹ̀lú "Nawa ne?" (èló ni?), ọbẹ̀ yín á délẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni gyara, èènì tiwọn nìyẹn. Lọ́dún mi àkọ́kọ́, mo máa ń dákẹ́, mò ń dúró kí alátà fi èènì sí i fúnra rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe ní Bódìjà. Ó kàn ń wò mí ni, èmi náà ń wò ó. Ọjọ́ tí mo lanu ní "gyara", ó rẹ́rìn-ín, ó bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, ó ní òun ti rò pé èmi ò fẹ́ ni. Iṣu láti Benue, tòmátì àti àlùbọ́sà láti òkè lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ń dé ní tútù. Èlùbọ́ nìkan la ṣì ń retí láti ilé. Alámàlà kan wà lápá Arab Road, tí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday, ẹ ó bá Tiv, Igbo àti Hausa lórí ìlà, wọ́n ń bèèrè gbẹ̀gìrì ní orúkọ rẹ̀ gan-an. Inú mi máa ń dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ohun tó wá ń dùn mí ni ti èdè. Èyí tí mo bí síbí nínú àwọn ọmọ mi ń gbọ́ Yorùbá, kò sọ ọ́ dáadáa. Nígbà tí màmá mi wà lọ́dọ̀ wa náà ni ọmọ yìí jí láàárọ̀, ó kúnlẹ̀ bí a ṣe kọ́ ọ, ó wá fi Hausa kí wọn ẹ káàárọ̀: "Ina kwana!" Màmá mi fò dìde. "Iná? Iná wà níbo?" Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí, ṣùgbọ́n lálẹ́, nígbà tí wọ́n rò pé mo ti sùn, mo gbọ́ tí wọ́n ń sọ fún àbúrò wọn lórí fóònù pé ọmọ ọmọ àwọn ń kí àwọn bí ẹni kí àjèjì. Láti ìgbà náà, tí aago méje alẹ́ bá ti lù, Yorùbá nìkan là ń sọ nílé. Ọmọ náà ló wá ń ṣọ́ èmi báyìí. Tí mo bá ṣèèṣì sọ Gẹ̀ẹ́sì, á ní kí n san ogún náírà.

Kí n má parọ́ mọ́ wọn, àwọn ará ilé wa kì í ṣe àjèjì. Ìyàwó Igala tó wà ní fúláàtì kejì ló tọ́jú ọmọ mi àgbà fún ọjọ́ mẹ́rin tí mo fi wà ní ọsibítù. Kò gba kọ́bọ̀.

Ẹ ó tún bá àwọn àgùnbánirọ̀, torí Kubwa ni àgọ́ NYSC ti FCT wà. Tí wọ́n bá ti dé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wọn, owó kẹ̀kẹ́ á gbẹ́nu sókè. Ọkọ̀ ojú irin Abuja sí Kaduna, tí wọ́n ṣí ní oṣù Keje 2016, ń dúró ní Kubwa, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi sì ń gbé ní Kaduna, nítorí náà a mọ̀ ọ́n dáadáa. Lẹ́yìn tí àwọn agbébọn kọlù ú ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta 2022, oṣù Kejìlá ló tó padà ṣiṣẹ́. A ti ń wọ̀ ọ́ padà, àmọ́ ọkọ mi tó máa ń sùn nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kì í di ojú mọ́ títí a ó fi dé Rigasa, ibùdókọ̀ ojú irin Kaduna.

Àbúrò mi ka gbogbo èyí tán, ó ní òun ń bọ̀ ní Sátidé kí òun wá fojú ara òun rí i. Mo ní rárá o, ọjọ́ Ajé ni kó wá, kó dúró dè mí ní Berger ní aago márùn-ún, ká jọ wọkọ̀. Ó wá. Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú la wọlé, òjò ò sì rọ̀ rárá. Ó jókòó, kò bọ́ bàtà, kò sọ̀rọ̀, àmàlà ń yọ èéfín níwájú rẹ̀. Ọkọ mi ti wẹ̀, ó ti jẹun, ó nasẹ̀ sórí àpótí, ó ń wo ìròyìn. Ó ní, "Káàbọ̀, àbúrò wa. Ṣé kò sí gó-síló?" Ọmọ náà gbé òkèlè mẹ́ta mì kó tó gbójú sókè.

"Ẹ̀gbọ́n," ó ní, "ṣé ẹ ò nílò ọmọṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù yín báyìí?"