Kardamyli, Stoupa, Areopoli tàbí Gytheio: Ìfiwéra Àwọn Ìlú Mani Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé

Mo mọ ẹni tó sanwó ọ̀sẹ̀ méjì sí abúlé kan ní Mani, ní ilẹ̀ Gíríìsì, nítorí àwòrán kan ṣoṣo. Ìgbà tó débẹ̀, kò rí bọ́ọ̀sì, kò rí ṣọ́ọ̀bù, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì lè wọ omi nítorí àpáta. Abúlé náà kò burú o, ó tiẹ̀ rẹwà ju àwòrán rẹ̀ lọ. Kì í kàn ṣe ibi tí ẹni tó kó ọmọ kéékèèké dání, tí kò sì ní mọ́tò, ń lọ ni. Nítorí irú èyí ni mo ṣe kọ ọ̀rọ̀ yìí fún ẹ̀yin tí owó yín ṣì wà lápò.

Ilẹ̀ Peloponnese ní gúúsù Gíríìsì na ìka mẹ́ta sínú òkun, Mani sì ni ìka àárín. Òkè Taygetos, tí ṣóńṣó rẹ̀ ga ju mítà 2,400 lọ, ni eegun ẹ̀yìn rẹ̀. Lápá àríwá, ní ìhà Messinia, igi ólífì pọ̀, etíkun sì rọrùn láti dé. Bí ẹ bá ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìhà Lakonia, bẹ́ẹ̀ ni igi á máa dín, tí òkúta á máa pọ̀, tí ilé á sì máa ga sí i. Torí náà, kí ẹ tó wo iye owó yàrá, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé omi lẹ ń bá lọ, àbí ìlú olókùúta?

Kardamyli àti Stoupa

Bí kìlómítà 35 ni Kardamyli sí Kalamata, níbi tí bàlúù láti oríṣiríṣi ìlú Yúróòpù ti ń balẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Stoupa wà níwájú rẹ̀ díẹ̀. Wọ́n sún mọ́ ara wọn, àmọ́ ìwà wọn kò jọra rárá.

Stoupa ní yanrìn, omi rẹ̀ kò sì jìn létí, kí ọmọdé ṣáà máa ṣeré. Ilé oúnjẹ tò sí etí omi lọ bẹẹrẹ. Ohun kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé: omi tútù láti inú òkè Taygetos ń gba abẹ́ ilẹ̀ wá, ó sì ń sun jáde nínú òkun fúnra rẹ̀. Ẹ ó máa lúwẹ̀ẹ́ lọ nínú omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ẹ ó ṣàdédé rí i pé ojú omi níwájú yín ń yí bíi pé wọ́n da òróró sí i, kí ẹ tó ṣẹ́jú, òtútù á ti mú yín dé ọrùn ẹsẹ̀. Àwọn ọmọdé á pariwo, wọ́n á sì tún padà síbẹ̀ ní ìgbà mẹ́wàá. Nítòsí Kalogria, etíkun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òǹkọ̀wé Nikos Kazantzakis àti Georgios Zorbas, ẹni tó fi kọ ìwé Zorba the Greek, jọ wa èédú ilẹ̀ ní 1917.

Ọta funfun ló wà ní Ritsa, etíkun Kardamyli, ó sì ń dun àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹ mú bàtà rọ́bà dání. Ohun tí Kardamyli fi borí ni ìlú náà fúnra rẹ̀. Títì kan ló gba àárín rẹ̀ kọjá, ilé olókùúta wà lápá méjèèjì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìlú àtijọ́ wà, pẹ̀lú ilé gogoro ìdílé Mourtzinos, ibẹ̀ sì ni ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ ti gba inú ólífì lọ sí àfonífojì Viros. Homer, akéwì Gíríìkì àtijọ́, dárúkọ ìlú yìí mọ́ àwọn ìlú méje tí ọba Agamemnon fẹ́ fi tu jagunjagun Achilles lójú. Ibẹ̀ náà ni Patrick Leigh Fermor, òǹkọ̀wé ará Bìrìtìkó tó kú ní 2011, kọ́ ilé sí létí omi. Ó fi ilé náà sílẹ̀ fún Benaki Museum, ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Áténì.

Ẹni tó kó ọmọ dání, kó lọ sí Stoupa, kó sì fi ọkàn sí i pé ariwo á wà ní oṣù kẹjọ. Tọkọtaya tó fẹ́ràn ìrìn, Kardamyli ni. Èmi fúnra mi, Kardamyli ni mo máa ń sùn, tí mo bá sì fẹ́ yanrìn, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Stoupa. Agios Nikolaos tún wà níwájú, èbúté kékeré tí ariwo rẹ̀ kò pọ̀, tí ẹja ibẹ̀ sì dára.

Areopoli àti Limeni

Tsimova ni wọ́n ń pe Areopoli tẹ́lẹ̀. Wọ́n wá sọ ọ́ ní orúkọ Ares, òrìṣà ogun àwọn ará Gíríìkì, bí ẹni sọ ìlú lórúkọ Ògún. Orúkọ náà kò jù wọ́n lọ. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta 1821, ibẹ̀ ni àwọn ará Mani ti dìde sí ìjọba Ottoman ti Tọ́kì lábẹ́ olórí wọn, Petrobey Mavromichalis, nígbà tó fi máa di ọjọ́ 23 wọ́n ti gba Kalamata. Ère rẹ̀ wà ní gbàgede ìlú.

Kí ogun yẹn tó dé, àwọn ìdílé Mani ti ń bá ara wọn jà láti ìran dé ìran. Ìdí nìyẹn tí ilé wọn fi ga: ẹni tí ilé rẹ̀ ga jù ló lè ju òkúta lu òrùlé aládùúgbò. Àwọn obìnrin wọn a sì máa fi ewì sunkún òkú, wọ́n á ka ìwà akọni tó kú, wọ́n á ka ẹ̀san tó kù láti gbà. Mo rántí ìrèmọ̀jé àwọn ọdẹ wa nígbà tí wọ́n ṣàlàyé rẹ̀ fún mi.

Lónìí, òtẹ́ẹ̀lì ni púpọ̀ nínú àwọn ilé gogoro náà. Ògiri nípọn, fèrèsé kéré, inú ilé sì tutù kódà lọ́sàn-án gangan. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ibẹ̀ ga ṣánṣán bí àkàbà. Ẹni tí orúnkún ń dùn, kó béèrè yàrá ìsàlẹ̀ kó tó sanwó. Láàárọ̀, ẹ wá lalangia, ìyẹ̀fun tí wọ́n dín nínú òróró ólífì. Ẹ wá sygklino pẹ̀lú, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi èéfín gbẹ, tí òórùn èèpo ọsàn wà lára rẹ̀.

Areopoli kò ní etíkun, orí òkè ló wà. Limeni ni èbúté rẹ̀ nísàlẹ̀. Omi ibẹ̀ mọ́ gaara débi pé ẹ ó rí ìjàpá òkun tó ń bọ̀ wá jẹ ìfun ẹja tí àwọn apẹja ń dà nù. Yanrìn kò sí, àtẹ̀gùn òkúta ni wọ́n fi ń wọ omi, oúnjẹ ibẹ̀ sì wọ́n. Ọ̀sán kan péré ti tó níbẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ lójoojúmọ́, etíkun ọlọ́ta wà ní Neo Oitylo nítòsí.

Mo gba yàrá kan rí ní agbègbè yìí tí onílé kọ sí i pé "ìṣẹ́jú 5 sí òkun". Òótọ́ ni, tí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀. Gígùn padà nínú oòrùn, pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́, gbà mí ní ìṣẹ́jú 25. Látìgbà náà, iye àtẹ̀gùn ni mo ń béèrè.

Gytheio

Tí ẹ kò bá ní mọ́tò, ẹ fi Gytheio sọ́kàn. Bọ́ọ̀sì KTEL ń gba Sparta wá síbẹ̀ láti Áténì. Ìlú gidi ni, kì í ṣe ti arìnrìn-àjò nìkan: báńkì wà, ọjà wà, ilé aláwọ̀ mèremère dojú kọ èbúté. Erékùṣù Cranae, tí wọ́n ti la ọ̀nà dé, ni ìtàn àtijọ́ ní Paris, ọmọ ọba Troy, àti Helen, ìyàwó ọba Sparta, sùn mọ́jú nígbà tí wọ́n sá kúrò ní Sparta. Etíkun Mavrovouni gùn, ó sì ní yanrìn, ṣùgbọ́n ìjàpá òkun ń yé ẹyin síbẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má tan iná síbẹ̀ lálẹ́. Ní Valtaki, ọkọ̀ Dimitrios ti gúnlẹ̀ sí yanrìn láti 1981, ó ń dípẹtà lọ. Ẹni tó ń wá ìdákẹ́rọ́rọ́ kò ní gbádùn Gytheio.

Gerolimenas àti Vathia

Ẹ máa wo Vathia, ẹ má sùn síbẹ̀. Ilé gogoro ló kún orí òkè náà, èyí tó pọ̀ jù sì ṣófo. Gerolimenas ní òtẹ́ẹ̀lì díẹ̀ àti èbúté kékeré, ó bá ẹni tó fẹ́ rin ẹsẹ̀ dé ilé iná tó ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ní Tainaro, ìpẹ̀kun ilẹ̀ Mani, mu, níbi tí àwọn ará àtijọ́ ní ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ òkú wà. Ẹ ra epo ní Areopoli kí ẹ tó sọ̀ kalẹ̀, ẹ sì gbé omi dání.

Ìgbà àti físà

Oṣù kẹfà àti oṣù kẹsàn-án ló dára jù. Ní àyíká ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, ọdún Màríà, àwọn ará Gíríìkì ń padà sílé, yàrá á wọ́n gógó. Nígbà òtútù, Stoupa fẹ́rẹ̀ẹ́ tì pa, Areopoli àti Gytheio ṣì ń mí.

Físà Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nílò, kódà bó bá ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìgbélùú. Nítorí náà, ẹ má ṣe gba yàrá tí wọn kò ní dá owó rẹ̀ padà, àfi tí físà bá ti wà lọ́wọ́ yín. Bí òru tí ẹ ó sùn bá jẹ́ mẹ́jọ, ẹ sun oorun mẹ́rin ní Kardamyli, mẹ́ta ní Areopoli, kí ẹ wá sun ọ̀kan tó kù ní Gytheio, kí bọ́ọ̀sì àárọ̀ lè gbé yín lọ sí Áténì.