Powerline, Wi-Fi tàbí Wáyà: Èwo Ni Kí Oníham Rà Sílé?

Bí ẹ bá ń gbé Adó-Èkìtì, Ìkéré tàbí Ìkọ̀lé, tí ẹ ní rédíò ham nílé (èyí tí àwọn aládàáni tó ní ìwé àṣẹ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn), tí ẹ sì fẹ́ ra ohun tí ẹ ó fi pín íntánẹ́ẹ̀tì kárí yàrá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín. Mo ti ra èyí tí kò yẹ rí. Ògiri búlọ́ọ̀kù ilé wa nípọn, Wi-Fi kì í dé yàrá ẹ̀yìn, ni mo bá gbé àpótí powerline méjì wálé: ọ̀kan sí sọ́kẹ́ẹ̀tì pálọ̀, èkejì sí ẹ̀yìn. Íntánẹ́ẹ̀tì dé lójú ẹsẹ̀, inú gbogbo ilé dùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo tan rédíò sí 7 MHz, ní àsìkò tí ohùn àwọn ará Yúróòpù máa ń wọlé wá ketekete, ariwo bí ẹni ń din àkàrà ló pàdé mi. Abẹ́rẹ́ tó ń wọn bí ohùn tó ń wọlé ṣe le tó, tó máa ń sinmi lórí S2, lọ dúró sí S5. Mo yí i kọjá 7.200, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ rédíò ṣọ́ọ̀tì wéèfù wà, ó fò sí S9.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín S5 àti S9 yẹn ló jẹ́ kí n mọ ohun tí mo rà.

Powerline

Wáyà iná ilé ni powerline fi ń gbé dátà. Àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà HomePlug AV ń lo nǹkan bí 2 MHz dé 30 MHz, AV2 sì lè gùn dé 86 MHz. Gbogbo ibùgbé ṣọ́ọ̀tì wéèfù nìyẹn, láti báńdì 80 mítà títí dé 10 mítà (gígùn ìgbì la fi ń pe báńdì: 80 mítà wà nítòsí 3.5 MHz, 10 mítà nítòsí 28 MHz). Wọn kò sì lọ́ wáyà iná pọ̀ mọ́ra bíi ti wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èyí tó lọ sí swíìṣì gílóòbù lè dá rìn nínú ògiri láìní èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe bí áńtẹ́nà. Àwọn tó ṣe ìlànà náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí ẹ̀rọ náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí 30 dB (dB ni òṣùwọ̀n agbára ohùn) lórí àwọn báńdì ham. Ìyẹn ló jẹ́ kí temi rọ̀ díẹ̀ nísàlẹ̀ 7.200, kó sì máa bú ramúramù lókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí áńtẹ́nà yín bá wà ní mítà mẹ́wàá péré sí wáyà iná, ohun tó ṣẹ́ kù tó láti bo ohùn tó ń bọ̀ láti òkèèrè mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ràn láti máa gbọ́ ilé iṣẹ́ ìròyìn ilẹ̀ òkèèrè lórí ṣọ́ọ̀tì wéèfù kò ní ààbò tó bẹ́ẹ̀.

Ohun mìíràn wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Nígbà tí NEPA bá mú iná lọ, tí ínfátà sì gbé apá kan ilé nìkan, àpótí tó wà ní apá kejì kú nìyẹn. Ní tèmi, kí oníham má rà á. Bí ẹ bá ti rà á tẹ́lẹ̀, ẹ fún ẹni tí kò ní rédíò, tí ilé rẹ̀ sì jìnnà sí tiyín, torí wáyà iná kì í parí sí ògiri ilé ẹnìkan.

Wi-Fi

2.4 GHz àti 5 GHz ni ọ̀pọ̀ Wi-Fi ń lò, ibẹ̀ sì jìnnà réré sí 3.5 MHz dé 29.7 MHz tí ọ̀pọ̀ wa ń lò. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lórí báńdì 13 sẹ̀ǹtímítà tàbí 6 sẹ̀ǹtímítà nìkan ni Wi-Fi gan-an lè bá jà. Ariwo tí ẹ ó gbọ́ láti ara rúta, adápítọ̀ rẹ̀ àti wáyà tó wọ inú rẹ̀ ló sábà ń fà á. Nítorí náà, ẹ̀rọ mesh mẹ́ta (àwọn ẹ̀rọ Wi-Fi tó ń ran ara wọn lọ́wọ́ kárí ilé) túmọ̀ sí adápítọ̀ mẹ́ta. Fún búńgálò oníyàrá mẹ́ta, rúta kan tí ẹ gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àárín ilé, tí ẹ lò lórí 2.4 GHz, sàn ju mesh mẹ́ta lọ, torí 2.4 la ògiri búlọ́ọ̀kù kọjá ju 5 lọ. Ilé alájà ni mo lè sọ pé kó ra mesh méjì.

Wáyà

Wáyà ni mo fẹ́ràn jù, àmọ́ òun náà ní ariwo tirẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn fèrè tó dúró sójú kan nítòsí 14.030 tàbí 21.052 MHz, Ethernet, ìyẹn wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà, ni kí ẹ fura sí. Ẹ yọ wáyà náà lára rúta: bí fèrè bá dákẹ́, ẹ ti rí i.

Wáyà mẹ́jọ ló wà nínú kébù náà, wọ́n lọ́ wọn ní méjì méjì. Ohun tí ọ̀kan bá sọ, èkejì ń sọ òdìkejì rẹ̀, wọ́n sì ń pa ara wọn lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń jò jáde ni iná tó ń gba gbogbo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ lọ sí ọ̀nà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà. Òun ni ferrite, ohun dúdú bí òrùka tí wọ́n ń fi sára wáyà, tí mo máa sọ nípa rẹ̀ nísàlẹ̀, ń dá dúró.

Nínú ọjà wa, wàhálà àkọ́kọ́ ni ayédèrú. Wọ́n á kọ Cat6 (orúkọ ìpele kébù) sí i lára, alumíníọ̀mù tí wọ́n fi bàbà fẹ́ẹ́rẹ́ bò ló wà nínú rẹ̀. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ẹnu rẹ̀: bàbà gidi pupa dénú, ayédèrú á funfun lábẹ́. Ayédèrú ń ṣẹ́, ó máa ń gbóná bí ẹ bá fi gbé iná PoE (iná tó ń gba inú wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì lọ bá ẹ̀rọ), èyí tí mo tú wò lójú ara mi sì ní ìlọ́pọ̀ tó dẹ̀ gan-an. Cat5e tó jẹ́ bàbà gidi sàn jù ú lọ fíìfíì, ó sì gbé dátà 1 gigabit dé 100 mítà.

Ṣé kí ẹ ra èyí tó ní bébà irin yíká? Kò burú, bí ẹ bá máa fi orí onírin sí i lẹ́nu méjèèjì, tí ojú ibi tó wọ̀ náà sì jẹ́ irin. Bí ẹ bá fi orí oníke sí i, bébà irin yẹn kò so mọ́ ibì kankan, ó lè di áńtẹ́nà fúnra rẹ̀. Mo ti rí ilé méjì tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ wa, kébù lásán pẹ̀lú ferrite dára jù ú lọ, kò sì gba ìyọnu.

Fáíbà ńkọ́? Bí yàrá rédíò yín bá wà ní ilé ẹ̀yìn, ẹ̀gbẹ́ ògiri ọgbà, ẹ rò ó dáadáa. Gíláàsì ni, iná kì í gbà á kọjá. Ariwo kò lè gbà á lọ, mànàmáná náà kò lè gbà á wọlé. Ẹni tó mọ bí ààrá ṣe ń sán láàárín àwọn òkè Èkìtì lásìkò òjò mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Àmọ́ àpótí tó ń yí iná padà sí ìmọ́lẹ̀ wà ní ẹnu méjèèjì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní adápítọ̀.

Adápítọ̀

Ibí ni kí ẹ na owó sí. Adápítọ̀ òde òní ń tan iná, ó ń pa á, láti nǹkan bí 50,000 dé 150,000 ìgbà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ariwo rẹ̀ máa ń jáde léraléra bí ẹ ṣe ń yí rédíò: ẹ ó gbọ́ ọ, yóò lọ, yóò tún yọjú ní nǹkan bí 60 tàbí 100 kHz síwájú, á sì máa sún díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń gbóná. Nínú èyí tó dára, wọ́n fi àwọn ohun kékeré tó ń sé ariwo sí ẹnu ọ̀nà iná. Nínú ayédèrú, wọ́n yọ wọ́n kúrò kó lè pọ́ọ́kú. Bí adápítọ̀ 12 V méjì tó ní agbára kan náà bá wà lọ́wọ́ yín, tí ọ̀kan fúyẹ́ bí ìyẹ́, ẹ gbé e padà.

Àwọn àgbà oníham máa ń sọ pé kí a ra èyí tó ní tíráńsífọ́mà ńlá, torí 50 Hz nìkan ló ń lò, kò sì pariwo. Òótọ́ ni. Àmọ́ iná wa kì í fìgbà gbogbo pé 220 V. Nígbà tó bá rẹlẹ̀ sí 160 tàbí 170, tíráńsífọ́mà á rẹlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, rúta á máa kú, á máa jí. Èyí tí wọ́n kọ 100–240 V sí lára ò ní mì. Nítorí náà, fún Èkìtì, mo yan èyí tó ń tan-án-pa-á tó jẹ́ ojúlówó, mo sì fi ferrite kún un. Bí ẹ bá ní bátìrì sólà 12 V, ẹ má kàn so rúta mọ́ ọn tààrà: bátìrì lè gòkè dé 14.4 V nígbà tó bá ń gba iná. Ẹ kíyè sí i pé MPPT (ẹ̀rọ tó ń darí iná láti pánẹ́ẹ̀lì sólà sí bátìrì) náà ń pariwo lọ́sàn-án. Lálẹ́ tí òòrùn bá ti wọ̀, a máa dákẹ́.

Bí mo ṣe ń fi méjì wéra nìyí. Mo máa ń gbé rédíò ṣọ́ọ̀tì wéèfù kékeré oníbátìrì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń yí i sí AM níbi tí kò ti sí ohùn kankan. Ọmọkùnrin kan ní Òkèṣà rẹ́rìn-ín sí mi nígbà àkọ́kọ́.

“Dádì, original ni, ẹ fọkàn balẹ̀.”

“Mo gbọ́, ọmọ mi. Bá mi so ó mọ́ rúta yẹn ná.”

Ó ṣe pàtàkì kí rúta wà lẹ́nu rẹ̀, torí adápítọ̀ tí kò gbé ẹrù lè dákẹ́ tan yín jẹ. Àkọ́kọ́ hó yee nígbà tí rédíò wà ní ìwọ̀n apá kan sí i. Ìkejì, mo ní láti fi rédíò kàn án kí n tó gbọ́ nǹkan. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló kó ti àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ferrite

Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ferrite ni ohun tí ẹ ń rà. Mix 31 (mix ni irú èròjà tí wọ́n fi ṣe é) ń ṣiṣẹ́ láti nǹkan bí 1 MHz dé 300 MHz, òun ni kí ẹ mú. Mix 43 dára láti 25 MHz lọ sókè, nítorí náà ó wúlò fún 10 mítà àti 2 mítà ju 80 lọ. Mix 61 wà fún òkè 200 MHz. Ẹ fi sílẹ̀. Òrùka aláwọ̀ yẹ́lò àti funfun tí wọ́n ń tú nínú kọ̀ǹpútà tó ti bàjẹ́ kì í ṣe ferrite, lẹ́búlẹ́bú irin ni, kò wúlò fún èyí.

Èyí tí wọ́n ń pa dé mọ́ wáyà rọrùn, àmọ́ wáyà gba inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Ìdènà ń pọ̀ bí iye ìyípo ṣe sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: ìyípo 3 fún yín ní ìlọ́po 9, ìyípo 5 fún yín ní 25. Òrùka ńlá tí wọ́n ń pè ní FT240-31, tó fẹ̀ tó 61 mìlímítà, ní ihò tó gba orí Ethernet kọjá láìgé e. Fún 80 àti 40 mítà mo máa ń yí wáyà tó 8 sí 10. Fún 10 mítà, 4 tàbí 5 ti tó. Ẹ gbé e sún mọ́ ẹ̀rọ tó ń pariwo, ọ̀kan sórí wáyà adápítọ̀, ọ̀kan sórí Ethernet. Òrùka kan bẹ́ẹ̀ sàn ju ogún èyí tí wọ́n ń pa dé lọ.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun nínú wọn, ẹ fi bátìrì gbé rédíò, kí ẹ pa iná gbogbo ilé láti ojú mítà. Bí ariwo bá ṣì wà, kì í ṣe tiyín. Nígbà tí mo yọ powerline kúrò, S4 ló ṣẹ́ kù, mo sì pa iná ilé, kò yí padà. Mo gbé rédíò kékeré rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà, ohùn náà ń le sí i, ni mo bá kan ilẹ̀kùn àwọn Màmá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

“Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Mà. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ wo ṣájà rúta yín.”

“Ṣé kò ní jóná ni? Ó ti ń kùn láti ọjọ́ yìí. Ẹ wọlé, ẹ bá mi wò ó.”

Mo fi adápítọ̀ tuntun tí mo rà ní Òkèṣà rọ́pò tiwọn, mo yí wáyà rẹ̀ mọ́ òrùka kan. Abẹ́rẹ́ padà sí S2. Ọjọ́ kejì, mo padà lọ ra òmíràn fún ara mi.