Irú tòmátì mẹ́rin tí mo gbìn sí ẹ̀yìnkùlé mi l'Óṣogbo: èyí tí màá tún gbìn lójò àti èyí tí mi ò ní dán wò mọ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilẹ̀ tí mo ń lò kí ẹ tó mú ọ̀rọ̀ mi lò, torí tòmátì tó ṣe dáadáa lọ́dọ̀ mi lè má ṣe dáadáa lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yìnkùlé ni, l'Ókè-Baálẹ̀. Kò ju poro mẹ́jọ lọ, kànga ni mo sì ti ń fa omi. Mi ò ta ọ̀rá kankan bò ó: oòrùn tó bá ràn, orí wọn ni; òjò tó bá rọ̀, orí wọn náà ni. Aṣọ ni mo ń rán jẹun, mi ò kì í ṣe àgbẹ̀. Àmọ́ láti ọdún 2016 tí kòkòrò Tuta absoluta jẹ oko àwọn ará Kàdúná àti Kánò run, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ẹ̀bólà tòmátì, tí mo fi ata nìkan se ọbẹ̀ títí ó fi sú àwọn ọmọ, ni mo ti ní tèmi á máa wà nílé.

Mẹ́rin ni mo ti gbìn: Roma VF, UC82B, Cobra 26 F1, àti tòmátì Yorùbá, èyí tó là ní ìlà-ìlà lára bí elégédé, tí àwọn ọlọ́jà máa ń pàtẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tòmátì Haúsá l'Ọ́jà Ọba.

Roma ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bíi ti gbogbo ayé. Àwòrán ara agolo rẹ̀ ló wọ̀ mí lójú, àti V pẹ̀lú F tó tẹ̀ lé orúkọ rẹ̀. Ọmọ tó tà á fún mi ní àrùn kankan ò lè mú un. Kò mọ̀ọ́mọ̀ purọ́, kò kàn mọ̀ ni. V dúró fún Verticillium, F dúró fún Fusarium. Ìdílé ohun tó ń mú búrẹ́dì bu ni àwọn méjèèjì, Roma VF sì lè dúró dè wọ́n. Ohun tó ń pa tòmátì nínú ilẹ̀ tèmi kò sí nínú lẹ́tà méjèèjì yẹn.

Oṣù karùn-ún ni mo ṣí àwọn ọmọ rẹ̀ láti inú abọ́ lọ sórí poro, 40 géérégé. Wọ́n tanná. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan mo rí méjì tí wọ́n rọ, bẹ́ẹ̀ ewé wọn ò pọ́n rárá. Mo ní òùngbẹ ni, mo bomi sí wọn, wọ́n sì jí nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì wọ́n tún rọ, wọn ò jí mọ́, àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn sì ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọjọ́ mẹ́wàá tó pé, 40 ti ku 11.

Bàbá kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo nǹkan yìí." Wọn ò tiẹ̀ wo ewé. Wọ́n ní, "Ìyá Ayọ̀, mú ọ̀bẹ wá, kí o bu omi sínú ife. Ife tó mọ́ gaara o." Wọ́n gé ìsàlẹ̀ igi kan tó ti rọ, kò gùn ju ìka mi lọ, wọ́n ti ẹnu ibi tí wọ́n gé bọ inú omi náà, wọ́n dì í mú, wọ́n ní kí n má mi ife. Kò pẹ́ rárá tí nǹkan funfun kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn jáde níbẹ̀, tínrín bí òwú ìránṣọ, tó ń lọ sísàlẹ̀ bí èéfín tùràrí tó dorí kodò. Wọ́n ní, "Bakitéríà nìyẹn, Ralstonia. Kí lo gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá?" Mo ní ìgbá ni. Wọ́n ní, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ìgbá, ata, tòmátì, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Àrùn tó pa ọ̀kan mọ àwọn yòókù."

Kò sí oògùn tí a lè fọ́n sí i kó jí. Ó lè wà nínú ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Mo fa gbogbo wọn tu, mo sun wọ́n, mi ò dà wọ́n sórí ààtàn tí mo ti ń kó ilẹ̀dú. Àgbàdo ni mo gbìn síbẹ̀ fún ọdún méjì.

Kí n má ṣe bú Roma ju bó ṣe yẹ lọ. Mo tún gbìn ín sápá kejì ní ìparí oṣù kẹwàá, nígbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó sì so débi tí ẹ̀ka ń kanlẹ̀. Ẹran ara rẹ̀ nípọn, omi rẹ̀ kò pọ̀, ó lè wà lórí tábìlì ìdáná fún ọ̀sẹ̀ kan kó má rà. Ọmọ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwa ni a ń fi í sínú òjò.

UC82B kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Yunifásítì Kalifóníà ni wọ́n ti mú un jáde, ẹ̀rọ ìkórè àti ilé iṣẹ́ alágolo ni wọ́n sì ní lọ́kàn: awọ rẹ̀ le, gbogbo rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ pọ́n pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń tà á yóò fẹ́ràn ìyẹn. Ní tèmi, ọ̀sẹ̀ méjì la fi jẹ tòmátì láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, lẹ́yìn náà a padà sọ́jà. Ìdì kejì tí mo rà tilẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, àmọ́ kò sí ọjọ́ kankan tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Nínú 100 hóró, 14 ló hù. Láti ìgbà náà, mo máa ń di 20 hóró sínú àkísà tútù fún ọ̀sẹ̀ kan kí n tó gbin ìyókù.

Cobra 26 F1 ló wọ́n jù. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí ìdì rẹ̀, mo bi ara mi bóyá ìlẹ̀kẹ̀ ni mo rà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kà wọ́n sínú abọ́. Oṣù kẹrin ni mo gbin 30 sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí Roma ti kú gan-an, torí wọ́n ní ó lè fara da ìrọ ti bakitéríà yẹn. Mẹ́rin ló rọ. Ìyókù dúró títí mo fi kórè. Mo mọ̀ pé fífara dà kì í ṣe àìlèkú, ìdí nìyẹn tí mi ò fi gbìn ín sórí ojú ibẹ̀ gan-an. Ẹ má sì tọ́jú hóró rẹ̀ o. Mo dán an wò, àwọn ọmọ tó hù kò jọ ìyá wọn, kálukú ló wá pẹ̀lú ìwà tirẹ̀. Bí F1, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi irú tòmátì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀ bí, ṣe rí nìyẹn. Gbogbo ọdún lẹ ó máa rà á.

Tòmátì Yorùbá kò ní ìdì. Mo ra èyí tó ti rọ̀ jù lọ́jà, mo fún un sínú ife, mo fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta títí ó fi hó, mo ṣan hóró rẹ̀, mo sá a sórí àwo. Ó ń rákò káàkiri, ẹ fi ọparun gbé e dìde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ èyí tó bá kan ilẹ̀ á rà. Tí òjò ńlá bá rọ̀, ó máa ń là. Kò lè ju ọjọ́ mẹ́ta lọ nílé. Omi rẹ̀ pọ̀, ó sì kan. Àmọ́ kíkan yẹn gan-an ni ìyá ọkọ mi ń wá. Wọ́n tọ́ ọbẹ̀ tí mo fi Cobra sè wò, wọ́n ní, "Ó dára, ìyàwó mi." Wọ́n tọ́ ti Yorùbá wò, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn na abọ́ wọn sí mi.

Ohun kan tí kò sí nínú gbogbo wọn ni èyí tó lè so ní oṣù kẹta. Tí òru bá ti gbóná, lẹ́búlẹ́bú inú òdòdó kì í ṣiṣẹ́ mọ́, òdòdó á sì máa já. Ẹni tí tirẹ̀ kò bá já òdòdó l'Óṣogbo lóṣù kẹta, kó jọ̀ọ́ wá sọ fún mi.

Ní báyìí, poro márùn-ún jẹ́ ti Cobra, méjì ti Yorùbá, ọ̀kan ti àgbàdo. Agolo Roma wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi máìkà kọ "oṣù kẹwàá" sórí rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má baà fọwọ́ kàn án kí òjò tó lọ.