Iyán Ṣábẹ àti ọbẹ̀ ẹ̀pà oníwàgàṣì: búkà tí n kì í kọjá lójú títì Parakou

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń bi mí pé ibo ni mo fẹ́ràn jù láti jẹun ní Benin, kì í ṣe Cotonou o, kì í sì í ṣe Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) tí mò ń gbé. Ṣábẹ (Savè) ni. Búkà kan wà níbẹ̀ létí títì tó lọ sí Parakou, kò ní pátákó, kò lórúkọ, páànù ni wọ́n fi bò ó, bẹ́ńṣì gígùn mẹ́ta mẹ́rin ló wà nínú ẹ̀, màmá tó ni ín àtàwọn ọmọ ẹ̀ obìnrin ni wọ́n jọ ń ṣe é. Iyán nìkan ni wọ́n ń tà. Kò sí ìrẹsì, kò sí spaghetti, tó bá ti tán ó tán nìyẹn, wọ́n á da omi síná wọ́n á lọ sílé. Torí ẹ̀ gan-an ni mo ṣe fẹ́ràn wọn.

Mo mọ nǹkan tí àwọn èèyàn mi l'Ájàṣẹ́ máa sọ. Wọ́n á ní kí ni mò ń wá lọ síbi tó jìn tó bí 250 kìlómítà sí Cotonou nígbà tí ẹlẹ́dẹ̀ Àjàrá wà nítòsí. Ẹlẹ́dẹ̀ Àjàrá dáa, n ò bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, ẹ lọ lọ́jọ́ ọjà wọn tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún, ẹ̀ẹ́ ti gbóòórùn ẹran kẹ́ ẹ tó sọ̀ lórí zẹ́mì, ọ̀kadà wa níbí, wọ́n á gé e fún yín lórí pákó, wọ́n á da tòmátì, ata àti àlùbọ́sà tútù tí wọ́n rẹ́ sí i lórí, àkàsà, ìyẹn ẹ̀kọ, á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ̀ẹ́ gbàgbé ilé. Tó bá jẹ́ oṣù kìíní lẹ sì wá, nígbà tí àwọn Àgùdà, àwọn ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá, ń ṣọdún Bonfim wọn, ẹ wá ẹni tó máa pè yín wọlé, torí fejuáda, ẹ̀wà tí wọ́n fi ẹran sè, tí wọ́n sè nínú ilé ò lẹ́gbẹ́ ní búkà kankan. Lọ́nà Ouando náà, ní Songhaï, oko ìkọ́ṣẹ́ àgbẹ̀ tí Fadá Nzamujo dá sílẹ̀ ní 1985, mo máa ń ra yọ́gọ́ọ̀tì àti omi èso lọ́wọ́ wọn, nǹkan tí wọ́n gbìn àti nǹkan tí wọ́n sìn fúnra wọn ni wọ́n ń tà.

Àwọn tó ń bí mi nínú l'Ájàṣẹ́ ni àwọn ilé oúnjẹ tuntun onígíláàsì tó kàn ń yọ kiri yìí. Ọ̀kan wà tí n ò ní dárúkọ, wọ́n gbé ìwé oúnjẹ lé mi lọ́wọ́, ojú ewé mẹ́rin, mo ní ẹ bá mi gbé àmìwò oníadìẹ wá, ìyẹn òkèlè àgbàdo tí wọ́n fi tòmátì rò, wọ́n ní ó ti tán, mo ní ìrẹsì ẹlẹ́wà ń kọ́, wọ́n ní ìyẹn náà ò sí lónìí, mo ní kí ló wá wà, ọmọ náà ní spaghetti. Mo dúró dúró, nígbà tó máa dé, etí abọ́ ń jóni lọ́wọ́, àárín oúnjẹ tutù nini. 3,000 sẹ́fà ni wọ́n gbà o! Tẹ́ ẹ bá ti rí ìwé oúnjẹ tó gùn báyẹn lọ́wọ́ ilé oúnjẹ tí ò sí èrò nínú ẹ̀, ẹ dìde jàre.

Ó dáa, ká padà sí Ṣábẹ. Ọ̀rọ̀ isu la ó kọ́kọ́ sọ. Lábókò, isu tó dáa jù fún iyán, ni màmá yìí ń gún tí àsìkò ẹ̀ bá ti tó, tí àwọn ará Savalou bá fi máa ṣọdún isu wọn ní ọjọ́ 15 oṣù kẹjọ, lábókò tuntun ti ń wọ ọjà nìyẹn, ọjà Glazoué lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè ló sì ti ń rà á, kì í ra ti àwọn tó ń tò ó sẹ́bàá ọ̀nà fún àwọn onímọ́tò. Mo bi í pé ṣé isu tí wọ́n ń pè ní kókóró náà ò ṣeé gún ni, ó wò mí tìyanu-tìyanu, ó ní ìyẹn tàwọn tó ń ṣe èlùbọ́.

Wọn kì í gún iyán sílẹ̀ de èèyàn. Ẹ̀ẹ́ jókòó ni, isu ṣì wà nínú ìkòkò lórí iná igi, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ á kó o sínú odó, méjì á dojú kọra, ọmọ odó tèmi tìẹ, ẹ̀kẹta á ti ọwọ́ bọ omi á máa fi yí iyán padà láàárín ìgbà tí ọ̀kan lọ sókè tí èkejì ò tíì dé ilẹ̀, n ò mọ bí wọn ò ṣe tíì gún un lọ́wọ́. Ìró ẹ̀ máa ń yí padà. Tí isu ṣì wà ní kókó-kókó ó máa ń gbẹ létí, tó bá ti fà, ó máa ń dún gbì, gbì, ìgbà yẹn ni màmá á wá já díẹ̀, á fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, tó bá rí kókó kan péré á ní kí wọ́n tún máa gún. Mo ti bẹ̀ ẹ́ rí pé màmá ẹ jọ̀ọ́, mọ́tò tó gbé mi ń dúró. Ó ní, "Ọmọ mi, tó o bá ń kánjú, búrẹ́dì wà lódìkejì títì." Gbogbo bẹ́ńṣì bú sẹ́rìn-ín, mo jókòó mi.

Ìgbà tí wọ́n bá gbé e dé wàyí, ó funfun, ó gbóná débi pé ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ máa fẹ́ ọwọ́, ẹ fà á, ó fà, àmọ́ kò lẹ̀ mọ́ ìka. Ọbẹ̀ ẹ̀pà ni wọ́n sábà máa ń sè, wọ́n á yan ẹ̀pà, wọ́n á lọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó hó títí òróró ẹ̀ á fi léfòó. Tí ọ̀yà bá wà wọ́n á sọ fún yín, ṣùgbọ́n ẹ fi ọ̀yà sílẹ̀, wàgàṣì ni kẹ́ ẹ gbà. Wàrà àwọn Fúlàní ni, àwọn obìnrin wọn ló ń ṣe é, bọ̀mubọ̀mu ni wọ́n fi ń mú kí wàrà dì, ewé ọkà bàbà ló sì ń sọ ẹ̀yìn ẹ̀ di pupa. Wọ́n á dín in kí wọ́n tó jù ú sínú ọbẹ̀, ara ẹ̀ á le díẹ̀, inú ẹ̀ á rọ̀, á ti fa ọbẹ̀ mu bíi kànìnkànìn, ẹ gé e jẹ, òróró ẹ̀pà á jáde. Àwọn àgbà ní iyán loúnjẹ, ọkà loògùn, àìrí rárá là ń jẹ̀kọ, àwa tá à ń fi àkàsà ṣe àárọ̀ ṣe alẹ́ l'Ájàṣẹ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n tí mo bá ti wà lórí bẹ́ńṣì yẹn, mo máa ń gbà fún wọn.

Owó wọn ò ga. Iyán 500 sẹ́fà, èèyàn tó jẹun dáadáa ò lè jẹ ẹ́ kù àmọ́ kò ní bèèrè òmíì, pẹ̀lú wàgàṣì àti omi tútù kò tó 1,500.

Tó bá jẹ́ máàkì lẹ fẹ́, mo fún wọn ní 8 nínú 10. Ọ̀kan tí mo yọ, ti eṣinṣin ni, ó pọ̀, wọn ò sì ṣe nǹkan kan sí i. Èkejì, omi ìfọwọ́: abọ́ kan náà ni gbogbo èèyàn ń ti ọwọ́ bọ̀, ẹ sọ fún ọmọ náà kó da omi sí yín lọ́wọ́, kò ní bínú. Èéfín náà wà, tẹ́ ẹ bá jókòó sí apá ibi iná, aṣọ yín á rùn dé Cotonou.

Kétu náà ní tiẹ̀ o, ẹ̀wà pẹ̀lú gàrí àti epo láàárọ̀ nítòsí Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ó dáa, ẹ jẹ ẹ́ tẹ́ ẹ bá ń kọjá, àmọ́ n ò lè torí ẹ̀ wọkọ̀.

Ti Ṣábẹ ni mo lè torí ẹ̀ wọkọ̀. Ẹ dé kí aago kan tó lù, torí tó bá di aago méjì odó ti wà ní dídojú dé. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, wọn kì í ní ṣénjì 10,000. Ọbẹ̀ yánmọtí ò sì sí lójoojúmọ́, ẹ bèèrè ẹ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó, tí wọ́n bá ní ó wà, ẹ ní kí wọ́n má bu ọbẹ̀ ẹ̀pà fún yín rárá.