Másìkì inú ọ̀rá: ohun tí ojú mi rí nígbà ọyẹ́

Aránṣọ ni mí. Ìsọ̀ mi wà ní Alékúwodò níbí ní Ọ̀ṣogbo, ó kọjú sí títì, eruku tí ọkọ̀ bá sì tú sókè láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ojú èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ló ń bà lé. Bí ọyẹ́ bá wá dé, àfi kéèyàn dákẹ́. Ọyẹ́ tó kọjá yìí mú débi pé bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣe ni ẹ̀gbẹ́ ẹnu mi ń fà. Àtíkè ò dúró lójú mi mọ́, ó ń ṣí wẹ́wẹ́ bí ẹfun ara ògiri. Oníbàárà mi kan tó wá gba aṣọ ló wò mí títí, ló bá ní, "Àǹtí, ẹ lọ ra másìkì, ẹ jẹ́ kí ojú yín mumi díẹ̀."

Ẹni tí kò bá tíì rí i rí, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ni. Wọ́n gé e bí ojú ènìyàn, wọ́n dá ihò sí i níbi ẹyinjú, imú àti ẹnu, wọ́n rì í sínú omi kan tó ń yọ̀ bí omi ilá, wọ́n wá lẹ ẹnu ọ̀rá rẹ̀ pa. Kòríà ni ọ̀pọ̀ èyí tí à ń rí rà ti ń wá, Ṣáínà náà ń ṣe é. Ẹ̀ẹ̀kan péré lèèyàn ń lo ọ̀kan. Mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ rà nínú oṣù Ọ̀pẹ̀, láti ₦1,200 dé ₦1,800, pẹ̀lú ẹyọ kan tó dà bíi jẹ́lì tí mo ra ní ₦3,500.

Ẹyọ olówó gọbọi yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí kò tíì gun kẹ̀kẹ́ rí tó ní ọkọ̀ lòun fẹ́ wà. Ìpele mẹ́ta ló wà nínú ọ̀rá rẹ̀: jẹ́lì yẹn wà láàárín, ọ̀rá funfun wà lápá kan, aṣọ tó rí wúruwùru wà lápá kejì, kí jẹ́lì náà má bàa ká jọ. Ó yẹ kéèyàn ṣí méjèèjì dànù. Èmi ò mọ̀. Mo lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́jú, mo fẹ̀yìn ti àga, omi ń ro tótó sí mi lọ́rùn, ojú mi sì gbẹ bó ṣe wà. Ìgbà tí mo ṣí i kúrò lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú ni mo rí i pé ọ̀rá ló wà láàárín èmi àti ohun tí mo fowó rà.

Orí àga yẹn náà ni màámi tó wá kí mi láti Ìkìrun bá mi. Ó wojú mi títí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, ṣé awọ ẹyin ni wọ́n wá ń tà báyìí?" Mi ò lè rẹ́rìn-ín kó má bàa bọ́. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Bí ẹ bá ti bó ẹyin sísè rí, awọ fẹ́lẹ́ tó máa ń lẹ̀ mọ́ inú èèpo yẹn, bó ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ aṣọ ara rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti tó. Èyí tí wọ́n fi òwú ṣe nípọn, ó máa ń gba omi púpọ̀, ṣùgbọ́n ó wúwo, kì í lẹ̀ dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ imú, ṣe ló máa ń wú síbẹ̀ bí aṣọ tí wọn ò lọ̀. Èyí tó fẹ́lẹ́ bíi láínì inú aṣọ, tó jẹ́ pé bó bá ti tutù, ẹ máa rí awọ ara yín láti abẹ́ rẹ̀, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ó ń tẹ̀ lé ibi tí ojú bá wọnú àti ibi tó bá yọ síta. Èyí tó dà bíi jẹ́lì yẹn, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń hun ún nínú omi àgbọn tàbí omi oníṣúgà, ó sì lẹ̀ ju gbogbo wọn lọ (mo ra òmíràn nígbà tó yá, mo wá ṣí ọ̀rá rẹ̀ dànù), àmọ́ mi ò rí ìyàtọ̀ ₦2,000 lójú mi lọ́jọ́ kejì. Àwọn kan tún máa ń ya ojú ẹkùn sára tiwọn. Ẹ̀rín ni, kò fi nǹkan kan kún omi inú rẹ̀.

Gbogbo wọn ló ní àléébù kan: ojú ẹlòmíì ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó gé e. Ihò imú rẹ̀ kì í bá tèmi mu, àgbọ̀n mi sì máa ń yọ sísàlẹ̀. Sísọ́ọ̀sì ni mo fi yanjú ẹ̀. Kí n tó tú u ká, nígbà tó ṣì wà ní ṣíṣẹ́po, mo máa ń gé e díẹ̀ sínú lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú àti lábẹ́ etí, bí ìgbà tí mo bá ń gé abíyá bùláòsì kó má bàa fà. Tí mo bá wá tẹ́ ẹ sójú, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì tí mo gé á gun ara wọn, bíi dáàtì, kò ní sí ibi tó wú. Iwájú orí ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ wá sí imú, kẹ́ ẹ fi ìka tẹ atẹ́gùn abẹ́ rẹ̀ jáde lọ sí ọ̀nà etí. Ibi tó bá wú, omi ò kan ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú ló wá kàn, òun sì ni mo fi ojú ara mi kọ́. Ara ọ̀rá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ìṣẹ́jú 15 sí 20. Èmi rò pé bó bá ṣe pẹ́ tó ni á ṣe wọra tó. Lálẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, mo fi sùn, fáànù sì ń yí lókè orí mi. Òru ni mo jí, mi ò mọ ohun tó di ojú mi mú. Aṣọ yẹn ti gbẹ táútáú, ó le bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀. Nígbà tí mo bó o kúrò, ojú mi le ju bó ṣe wà kí n tó lò ó lọ. Ìdí rẹ̀ kò le. Aṣọ tútù yẹn ni ìdérí: kì í jẹ́ kí omi ojú ẹni bá atẹ́gùn lọ, ó sì ń fún èyí tó wà lára rẹ̀ láyè láti rin ojú. Bí aṣọ bá ti gbẹ, ìdérí ti ṣí nìyẹn, òùngbẹ wá ń gbẹ aṣọ náà fúnra rẹ̀, kò sì sí omi mìíràn tó sún mọ́ ọn bíi ti ojú yín. Láti ọjọ́ náà, mo máa ń pa fáànù, mo máa ń ṣe àláàmù sórí fóònù: ìṣẹ́jú 12 nígbà ọyẹ́, 20 nígbà òjò. Kó ṣì tutù lọ́wọ́ ni kẹ́ ẹ ṣí i.

Ẹ má sì wọ̀ ọ́ ṣiṣẹ́. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ gbìyànjú ẹ̀, torí obìnrin wo ló ráyè ìdùbúlẹ̀ ogún ìṣẹ́jú lọ́sàn-án? Èmi náà wọ̀ ọ́ sídìí máṣíìnì lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ kan tí aṣọ ẹbí ń lé mi bọ̀. Mo tẹrí ba, mò ń rán sátíìnì aláwọ̀ ewé kan, omi sì kán látimú mi, ó kán ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹni tó bá mọ sátíìnì á mọ̀ pé ọ̀ràn ti dé. Mo fi omi fọ ojú ibẹ̀, ó fẹ̀ sí i. Mo lọ̀ ọ́, àmì rẹ̀ hàn kedere bí owó ẹyọ. Mo tú iwájú aṣọ yẹn palẹ̀, mo rán ọmọ iṣẹ́ lọ sí Ọjà Ọba láti ra yáàdì kan dípò rẹ̀, ₦4,000, yàtọ̀ sí owó ọkọ̀. Másìkì ₦1,200 nìyẹn o.

Ohun tí mo wá fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé omi ni nǹkan yìí ń fúnni, omi kì í sì í dúró síbi tí kò sí ọmọrí. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, bí mo bá ti ṣí i báyìí, mo ti lọ sùn nìyẹn. Ojú mi á máa dán lálẹ́, bó bá di aago mẹ́wàá àárọ̀ ó ti padà sí bó ṣe wà. Màámi ló là mí lóye, òun tó ní awọ ẹyin ni. Ó ní, "Ṣé bó o ṣe fomi sí i náà lo ṣe fi í sílẹ̀? Òrí ńkọ́?" Ló bá bu òrí tó gbé wá láti Ìkìrun fún mi. Ní báyìí, bí mo bá ti ṣí aṣọ yẹn, mi ò ní ṣan ojú, mi ò ní nù ún. Mo máa ń fi ọwọ́ gbá omi tó kù mọ́ra, mo máa ń dúró bí ìṣẹ́jú márùn-ún, mo wá máa bu òrí tó tó hóró ẹ̀wà kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì yọ́ ọ, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́jú. Ọjọ́ kejì, àtíkè mi dúró títí dìrọ̀lẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí irorẹ́ ń yọ lójú rẹ̀, òrí ò bá a lára mu, ìpara tó fúyẹ́ ló ń lò, ìyẹn náà dára. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kẹ́ ẹ fi ìpara tó ń gba oòrùn lójú kún un bẹ́ ẹ bá ń jáde.

Kó tó kan ojú ńkọ́? Kẹ́ ẹ fọ ọwọ́, kẹ́ ẹ fọ ojú, kẹ́ ẹ jẹ́ kí ojú ṣì tutù díẹ̀. Mo fẹ́ràn ọṣẹ dúdú, àmọ́ ó ń bó epo ojú jù fún ẹni tí ojú rẹ̀ ti gbẹ tẹ́lẹ̀. Mi ò fi í fọjú lálẹ́ ọjọ́ másìkì mọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fá irun ojú tàbí tó fi kànìnkànìn gbo ojú, kó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, á ta á.

Ọ̀rọ̀ títa yẹn kan òórùn dídùn. Ọ̀kan nínú mẹ́wàá àkọ́kọ́ yẹn ń ta sánsán bíi lọ́fíńdà. Kò pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná, tó ń yún mi. Mo ṣí i jù nù, mo fi omi ṣan ojú. Láti ìgbà yẹn, bí mo bá ra irú tí mi ò lò rí, mo máa ń fi omi inú rẹ̀ pa ẹ̀yìn etí kí n tó lò ó. Mo sì máa ń ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn ọ̀rá. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, torí náà bí ẹ bá rí alcohol ní ipò kejì tàbí ìkẹta, tí glycerin tó ń fa omi mọ́ ojú sì wà lọ́hùn-ún lẹ́yìn, ẹ dá a padà, pàápàá nígbà ọyẹ́. Niacinamide, irú fítámì B kan, dára fún ojú àpá irorẹ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, ẹ̀ẹ̀kan ò lè ṣe é. Kò sì sí èyí tó ń sọ dúdú di pupa nínú wọn. Bí ẹnì kan bá fi ìyẹn polówó fún yín, ẹ béèrè nọ́ńbà NAFDAC lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá a lóhùn.

Ọjọ́ ara rẹ̀ náà fẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Mo rí 2023.11.20 lẹ́yìn ọ̀kan, mo ti gbéra láti lọ fà á mọ́ ọmọbìnrin tó tà á fún mi lọ́wọ́. Ó rọra fi hàn mí pé ọjọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Èyí tí 제조 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, èyí tí 까지 tẹ̀ lé ni ọjọ́ tó máa parí, ọdún 2026 ni tiyẹn. Ọdún ni àwọn ará Kòríà ń kọ́kọ́ kọ, oṣù wá tẹ̀ lé e. Ojú tì mí, mo ra méjì sí i. Ohun tó wá yẹ kí n bá ẹlòmíì jà lé lórí ni ti ẹni tó pàtẹ tirẹ̀ sínú oòrùn létí títì. Omi inú èyí tí mo rà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí wọ́n ní vitamin C wà nínú ẹ̀, ti pọ́n bí omi tíì. Ooru àti ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó tutù ni kẹ́ ẹ ti rà á.

Bí iná bá wà, ẹ kó o sí fíríìjì, kì í ṣe ibi tó ń dì o. Bí kò bá sí, ẹ ju ọ̀rá rẹ̀ sínú omi pọ́ọ̀wọ̀tà tútù fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìtura nìkan nìyẹn ń fi kún un. Omi tó bá ṣẹ́ kù sínú ọ̀rá, ọrùn, ìgúnpá àti ẹ̀yìn ọwọ́ ni kẹ́ ẹ fi pa lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe ohun à ń tọ́jú dọ̀la, kì í sì í ṣe ohun tí ẹni méjì ń lò tẹ̀ lé ara wọn, bó ti wù kí ọmọ iṣẹ́ bẹ̀bẹ̀ tó.

Ṣé ó tọ́ sówó? Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ₦1,500, ₦12,000 lóṣù nìyẹn, owó ìránṣọ ni. Mo tún ra méjì nínú oṣù Ògún tí àlejò Ọdún Ọ̀ṣun kún ìlú. Òjò ń rọ̀, ojú mi ń dán fúnra rẹ̀, mi ò rí ohun tí másìkì náà ṣe. Nítorí náà, ọyẹ́ nìkan ni mo ń ná owó rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, àti alẹ́ tó ṣáájú òde ńlá. Fún àwọn ọ̀sẹ̀ yòókù, mo rí irú kan tó gbẹ, tí wọ́n fún pọ̀ kékeré bíi tọ́ḿtọ́ḿ, ogún nínú ọ̀rá kan. Mo máa ń sọ ọ̀kan sínú omi sísè tó ti tutù, ṣíbí tíì mẹ́wàá, pẹ̀lú ṣíbí tíì glycerin kan láti ilé oògùn. Á wú, á tú ká di aṣọ ojú. Òrí ló máa ń tẹ̀ lé e, bíi ti tẹ́lẹ̀. Sísọ́ọ̀sì mi ṣì ń gé imú òun náà.